Orúkọ Tí Wọ́n Sọ Àkèré Orí Igi Nílé Ọkọ Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè kí n sọ tẹnu mi, torí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára látọjọ́ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò lọ sí Eggua fún Iléyá tó kọjá, ìdí rẹ̀ rèé. Ọ̀rọ̀ àkèré ni! Ẹ má rẹ́rìn-ín o.

Bàọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìlaró, ṣùgbọ́n Eggua ni ilé ọkọ mi. Ọkọ mi ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan. Ẹ kúkú mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ, orúkọ tiwa la máa ń fún wọn. Ìbàdíàrán lèmi ń pe ẹ̀gbọ́n yìí. Ọṣẹhó làwọn ìyàwó tó kù ń pè wọ́n.

Ọlọ́run ò fún Ìbàdíàrán lọ́mọ. Wọ́n kúrò nílé ọkọ, wọ́n padà sílé bàbá wọn. Kò sí ọmọ tí a bí nínú agbo ilé yẹn tí wọn ò fọ aṣọ rẹ̀, aṣọ á sì mọ́ tónítóní! Wọ́n rò pé torí ẹ̀ la ṣe ń pè wọ́n ní Ọṣẹhó. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń jẹ́ ẹ.

Wọn ò mọ̀ pé orúkọ náà kù síbì kan. Ìyá Sàkírà ló dá a sílẹ̀. Ìyálé wa ni, ó yẹ kí n máa fi "wọ́n" bọlá fún un, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, ẹ jẹ́ n ráyè! Bí Ìbàdíàrán bá ti kọjá tán, yóò ní: "Ọṣẹ hó, aṣọ mọ́, ọmọ dà?" Ẹ gbọ́ ìkà! Mo bá òun àtàwọn ìyàwó tó kù jà títí, wọ́n ní akọ̀wé ò mọ ẹ̀fẹ̀.

Báwo wá ni àkèré ṣe wọ̀ ọ́? Àkèré kan wà lórí igi létí odò wa tó máa ń pọ ìfófòó funfun sórí ewé, bí ìgbà tí ọṣẹ bá hó. Làwọn ìyàwó bá ń pe òun náà ní Ọṣẹhó.

Dókítà kan wá láti yunifásítì, ó ń ṣèwádìí àkèré. Kì í ṣe Yorùbá. Mi ò sí nílé lọ́jọ́ tó béèrè orúkọ àkèré yẹn. Ìyá Sàkírà ló dá a lóhùn, ó tún kọ́ ọ ní èyí tó kù bí orin.

Ó pẹ́ kó tó padà wá. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, gbogbo wa jókòó lábẹ́ máńgòrò, ó fi fọ́tò àkèré náà hàn wá lórí fóònù tayọ̀tayọ̀. Ó ní àwọn wo egungun rẹ̀, àwọn wo DNA rẹ̀, kò bá àwọn tí wọ́n ti ń kà á mọ́ tan rárá. Àwọn wá dá ìdílé tuntun sílẹ̀ fún un. Orúkọ ìdílé náà dà bíi sọ́náàmù, gbogbo àkèré tí wọ́n bá rí nínú ìdílé yẹn ni yóò máa jẹ́ ẹ. Ọṣẹhó ni wọ́n mú, wọ́n fi Látìn díẹ̀ bò ó.

Ó yíjú sí Ìbàdíàrán, ó ní òun gbọ́ pé tiwọn ni orúkọ náà, kí wọ́n jẹ́ kóun bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ló bá bẹ̀rẹ̀: "Ose ho, aso mo, omo da?" Ó ní kí n túmọ̀ rẹ̀ fóun.

Kí n túmọ̀ kí ni? Ìyá Sàkírà ń wolẹ̀.

"Èmi ni ẹ̀ ń pè bẹ́ẹ̀?" Èmi ni Ìbàdíàrán bi. Mi ò lè purọ́ fún wọn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Mo wá túmọ̀ rẹ̀ fún dókítà, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó pa orúkọ náà rẹ́. Àánú ṣe é lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní kò ṣeé ṣe. Òfin wọn ni pé orúkọ tó bá kọ́kọ́ jáde ni yóò dúró, ì báà burú, ì báà dára. Ó wá ń pẹ̀tù sí Ìbàdíàrán nínú. Ó ní kí wọ́n má bínú, pé inú ìfófòó yẹn ni ẹyin wà, àti pé tó bá yá, àwọn ọmọ á máa já bọ́ sínú odò rẹpẹtẹ!

Ìbàdíàrán rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tó ń dunni. Wọ́n ní, "Ẹ ò rí nǹkan. Àkèré tí ẹ fi ń bú mi pàápàá bímọ."

Lọ́sẹ̀ yẹn ni wọ́n kó lọ sọ́dọ̀ ẹbí ìyá wọn ní Ìwòyè-Kétu. Ìyá Sàkírà ní ẹ̀fẹ̀ lásán làwọn ń ṣe. Ẹ̀fẹ̀! Ẹ̀fẹ̀ wo ló ń lé ọmọ kúrò nílé bàbá rẹ̀?

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ ní dókítà ò wolé. Àwa tá a wà nínú ilé ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń fi ẹni tí Ọlọ́run ò tíì dá lóhùn ṣe yẹ̀yẹ́, ṣé ẹ rò pé inú agbo ilé lọ̀rọ̀ yẹn máa parí sí?

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé wọ́n ti fún yín lórúkọ tó dùn yín wọra rí, nílé ọkọ tàbí nílé bàbá yín? Ẹ sọ bó ṣe jẹ́ fún mi nísàlẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ orúkọ náà. Tèmi yìí, ayé ti kọ ọ́ ṣáájú mi. Orúkọ tí wọ́n bá ti kọ kì í parẹ́ mọ́.