Ààrò Adétóun

Pọ́n-ùn mẹ́fà àti ṣílè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Ògúnrìndé jẹ Láyíwọlá, òṣómàáló ará Iléṣà tó ń kiri aṣọ àwìn ní Minna. Àrán pupa ló rà, àwìn oṣù mẹ́ta. Adétóun ìyàwó rẹ̀ kò fojú kan àrán náà rí, nítorí aṣọ náà kò wọ ilé wọn. Obìnrin kan ní àdúgbò Jikpan ló ń wọ̀ ọ́. Oṣù mẹ́ta di mẹ́sàn-án, Ògúnrìndé kò san tọ́rọ́.

Kì í ṣe pé kò rówó. Iṣẹ́ yíyí ojú irin kí ọkọ̀ lè yà ló ń ṣe ní rélùwéè, pọ́n-ùn mẹ́sàn-án ni wọ́n ń san fún un lóṣù, owó ilé tí wọ́n ń gbé nínú ọgbà rélùwéè kò sì tó nǹkan. Ọtí àti Jikpan ló ń jẹ owó náà. Nígbà tó bá dé ilé, ẹ̀ṣẹ́ ló máa ń kù lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà ló sì máa ń ná fún Adétóun.

Bọ̀dé ọmọ wọn ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà. Adétóun ní àṣejù kan, kéèkì ni. Kì í ṣe jíjẹ rẹ̀ o, yíyan rẹ̀ ni. Ọ̀dọ̀ ìyàwó kúùkù kan ló ti kọ́ ọ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọn dé Minna. Ilé tí wọ́n bá ti fẹ́ sọmọ lórúkọ, ilé tí wọ́n bá ti fẹ́ gbéyàwó, yóò po fúláwà, yóò yan án, yóò ká bébà bí àrọ, yóò ki áísìn, ṣúgà àti funfun ẹyin tí a lù pọ̀, sínú rẹ̀, yóò sì fi í fa òdòdó sára kéèkì títí ojú yóò fi máa ro ó. Bisikíìtì tirẹ̀ ní ìlà bí ojú ọmọ Ọ̀yọ́. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni kéèkì ńlá kan ń jẹ ẹyin mẹ́jọ àti agolo bọ́tà kan, kí a tó dé orí ṣúgà. Ṣílè márùn-ún lọ ráúráú. Aṣọ àwọn àpọ́n inú ọgbà ló ń fọ̀ láti rí owó yẹn.

Ọdún 1954 ni Ògúnrìndé kọ́kọ́ bá a nídìí rẹ̀. Adétóun ń lu funfun ẹyin nínú abọ́.

"Ẹyin mẹ́jọ!" ni ọkọ rẹ̀ wí. "Nítorí ọmọ ọlọ́mọ!"

Ó da abọ́ náà dé e lórí, ó sì gbá a lẹ́nu. Eyín òkè kan bọ́ sínú áísìn tó dà sílẹ̀. Nígbà tó jáde tán, Adétóun yọ eyín náà, ó fomi bọ́jú, ó po áísìn mìíràn. Ẹyin mẹ́jọ mìíràn nìyẹn.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ló ní kí Simeon, alágbẹ̀dẹ inú ọgbà, rọ ààrò fún òun. Àpótí irin ni, ó ní ilẹ̀kùn kékeré níwájú, Adétóun sì fi amọ̀ rẹ́ ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ooru má baà sá. Orí rẹ̀ tẹ́jú bí àtẹ, ó sì ní etí yí ká, kí ẹyin iná lè jókòó síbẹ̀. Bí iná bá wà nísàlẹ̀ nìkan, ìdí kéèkì yóò jó, àárín rẹ̀ yóò wà ní tútù bí èkọ. Nítorí náà iná ìsàlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Bí ìdí bá ti jiná, Adétóun yóò kó o kúrò, yóò fi ti òkè sílẹ̀, yóò sì fi eérú bò ó kí ó máa jó wọ́ọ́rọ́. Pọ́n-ùn méjì àti ṣílè mẹ́rin ló san fún Simeon, díẹ̀díẹ̀ títí ọdún fi yí po. Nínú gbogbo ẹrù tó wà nílé yẹn, ààrò náà nìkan ló lè nawọ́ sí pé, "Tèmi nìyí."

Òun gan-an ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan lọ́dún 1957.

Àbdùlwàhídù, ọmọ Mọ̀ríámọ̀, fẹ́ ṣe wòlímọ̀ ìparí kéwú lọ́jọ́ kejì. Ará Ìlọrin ni Mọ̀ríámọ̀, ọgbà kóríko lásán ló wà láàárín ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ àti ti Adétóun. Adétóun ní kéèkì tí òun yóò yan fún ọmọ náà, bíi wàláà, pátákó ìkọ̀wé ọmọ kéwú, ni yóò rí, tòun ti ìdìmú rẹ̀. Mọ̀ríámọ̀ ti lọ bi àlùfáà. Àlùfáà ní kò burú, kí wọ́n ṣáà má kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sára nǹkan tí ọ̀bẹ yóò gé.

Kéèkì ti pẹ́ nínú ààrò, Adétóun sì ti kó iná ìsàlẹ̀ kúrò, nígbà tí Láyíwọlá dé tòun ti kóńdó. Ògúnrìndé gbọ́ ohùn rẹ̀ lójúde, ó gba ojú fèrèsé bẹ́ jáde, ó sì sá wọ ṣáláńgá. Láyíwọlá wọ ẹ̀yìnkùlé, ó lóṣòó.

"Ìyá Bọ̀dé, ọkọ ẹ ń kọ́?"

"Kò sí nínú ilé."

"Mi ò bi ọ́ bóyá ó wà nínú ilé. Owó mi ni mò ń bi ọ́. Òṣó ni n ó ló níbí títí owó á fi jáde. Bí ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ sùn. Bí ẹ bá fẹ́ kú, ẹ kọ́kọ́ sanwó."

"Èmi kọ́ ni mo ra àrán, ẹ̀gbọ́n."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ jọ ń sùn!"

Ó na kóńdó, ó fọ́ ìkòkò omi. Ó tún un nà, abọ́ áísìn di méjì, funfun ẹyin ṣàn lọ sínú iyanrìn. Mọ̀ríámọ̀ yọrí lókè ọgbà.

"Haba, malam! Ilé obìnrin lo ti ń fọ́ ìkòkò?"

"Ṣé ìwọ fẹ́ bá wọn san án ni?"

"Allah ya kiyaye! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ṣé ìdí mi lo ti rí àrán?"

Àwọn tó ti ń kóra jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Láyíwọlá dìde, ojú rẹ̀ pọ́n, ó fi kóńdó tọ́ka sí ààrò.

"Eléyìí ni n ó gbé."

"Owó mi ni mo fi rọ ọ́!" Adétóun dúró síwájú rẹ̀.

"Ohun tó bá wà nílé onígbèsè, ti onígbèsè ni." Ó tì í. Orí Adétóun gba ògiri, ẹ̀jẹ̀ bo ojú ọ̀tún rẹ̀.

Ògúnrìndé gbọ́ ọ̀rọ̀ ààrò láti inú ṣáláńgá. Ẹni tó sá nítorí owó jáde, ó ń fọwọ́ gbọn ṣòkòtò.

"Láyíwọlá, gbé e lọ. Bí o bá gbé e dé Maikunkele, wọ́n á rà á. Jẹ́ kí èmi náà sinmi."

Adétóun kúnlẹ̀. "Bàbá Bọ̀dé, ẹ dákun. Ẹ bú mi, ẹ lù mí. Ẹ má fi ààrò mi san owó àrán."

Ó gbá a létí. "Ààrò ta? Ìwọ gan-an, ta ló ni ọ́?"

Láyíwọlá ń wo ààrò náà tìfura-tìfura. "Ṣé kò níná?"

"Iná wo? O ò ríran ni? Ìsàlẹ̀ ṣófo, eérú lásán ló wà lórí."

Ó ti ń lọ sí ọdún kẹta tí ààrò náà ti wà lẹ́yìnkùlé Ògúnrìndé, kò bẹ̀rẹ̀ wò ó rí. Adétóun la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ó sì pa á dé.

Ògúnrìndé fi apá méjèèjì gbá ààrò mọ́ra, ó gbàyà lé e, ó fà á. Eérú ya, ẹyin iná tú dà sí i láyà, ó yí bọ́ sí i nítan. Igbe tó ké, wọ́n gbọ́ ọ ní ibùdókọ̀ ojú irin. Ó fò, ó yí nílẹ̀, ẹ̀wù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ awọ ara rẹ̀. Nígbà tó dìde, kò wá omi. Kóńdó ọwọ́ Láyíwọlá ló já gbà, ó sì fi lu Adétóun. Apá òsì tó fi gbà á dún bí igi ìdáná tí a dá lórí eékún.

Ọ̀tún ló kù. Ẹ̀mú ààrò wà nílẹ̀ nítòsí. Adétóun gbé e, ó fi la Ògúnrìndé lójú. Kóńdó bọ́. Ó tún là á ní orúnkún, ọkùnrin náà wó lulẹ̀. Kò pariwo, kò ṣépè. Bó ṣe ń lu funfun ẹyin ló ṣe ń lù ú, ọwọ́ kan náà, déédéé, láìsáré, bí ẹni tó mọ̀ pé bí òun bá dúró ẹyin kò ní dì.

"Subuhanallahi! Ó ń pa á!" Mọ̀ríámọ̀ ti fọ́ ọgbà kọjá.

Láyíwọlá fúnra rẹ̀ ló di Adétóun mú. "Ìyá Bọ̀dé, ó tó! Òkú kì í sanwó!"

Adétóun yíjú sí i, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Láyíwọlá tú u sílẹ̀, ó fà sẹ́yìn.

"Ta ló jẹ ọ́?" ni Adétóun bi í.

"Bàbá Bọ̀dé ni."

Adétóun wọlé, ó fi ọwọ́ kan wọ́ kẹ̀kẹ́ Ògúnrìndé jáde. Ó dúró lé ọkọ rẹ̀ lórí, ẹ̀mú ṣì wà lábẹ́ abíyá.

"Bàbá Bọ̀dé, ṣé kí wọ́n máa gbé e lọ?"

Ògúnrìndé mi orí pé kí wọ́n gbé e.

Láyíwọlá, oníṣòwò ni. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fún táyà, ó yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ wò, tòun ti ìkérora ọkùnrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Á tó pọ́n-ùn méje. Ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn ti jẹ."

"Yọ ṣílè kan."

Ó yọ ọ́. Ó ka ṣílè mẹ́rin lé Adétóun lọ́wọ́. Gbèsè àrán parí síbẹ̀.

Ṣílè mẹ́rin yẹn ni Mọ̀ríámọ̀ fi ra ẹyin àti ṣúgà mìíràn. Òun ló lù ú, Adétóun ń fẹnu darí rẹ̀, apá rẹ̀ ti wà nínú igi oníṣègùn eegun. Kéèkì ti wó lápá kan. Wọ́n gé ibẹ̀, wọ́n fi áísìn dí i. Àwọn ọmọ kéwú jẹ ẹ́ tán kí àlùfáà tó ṣe àmín.

Nígbà tí Ògúnrìndé fi jáde ní ọsibítù, Adétóun àti ààrò rẹ̀ ti wà nínú yàrá kan ní àgbàlá Mọ̀ríámọ̀. Àwọn àgbààgbà Yorùbá pe ìpàdé. Wọ́n ní kí Adétóun dá owó ìdána padà, pọ́n-ùn méjìlá, kó sì máa lọ. Wọ́n tilẹ̀ bá a ṣírò rẹ̀: bó bá ń ta kéèkì, ọdún kan ni.

"Kéèkì mi kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè," ni Adétóun wí.

Ó ń bá a lọ ní yíyan, lọ́fẹ̀ẹ́. Apá òsì kò nà tán mọ́, nítorí náà òdòdó rẹ̀ ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ògúnrìndé, tí ìka rẹ̀ mẹ́ta kò ká mọ́, kò lè lọ béèrè owó náà fúnra rẹ̀. Ó fi ṣílè mẹ́wàá lọ Láyíwọlá kó bá òun lóṣòó lẹ́nu ọ̀nà obìnrin náà.

"Ṣílè mẹ́wàá?" ni Láyíwọlá wí. "Owó àgbo nìkan á jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ọdún 1963 ni rélùwéè gbé Ògúnrìndé lọ sí Kafanchan. Pọ́n-ùn méjìlá náà, kò gbà á. Adétóun náà kò san án.