Aṣọ Nọ́wè Tó Bọ́ Sí Mi Lọ́wọ́

Òórùn káńfọ̀ àti aṣọ onírun àgùntàn ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi tí mo bá ṣílẹ̀kùn ilé ìyá arúgbó kan tí mò ń tọ́jú ní Mayesbrook. Ọdún tí mo fi físà iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó wọ Lọ́ńdọ̀nù ni. Láàárọ̀, màá wẹ̀ ẹ́, màá fún un lóògùn, màá po tíì fún un. Ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè ni. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ wá ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbí nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge, gbogbo Sátidé ni wọ́n sì ń jókòó yí tábìlì rẹ̀ ká, tí wọ́n ń rán aṣọ ìbílẹ̀ wọn fún àwọn ọmọ wọn. Wọ́n ti kú tán. Òun nìkan ló kù, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì.

Lọ́jọ́ kan, mo gán bọ́tìnì kan tó já lára súwẹ́tà rẹ̀. Ó fọwọ́ kàn án, ó ní, "Ta ló kọ́ ẹ?" Mo ní iṣẹ́ télọ̀ ni mo ń ṣe l'Ábẹ́òkúta kí n tó wá. Ó ní kí n fa àpótí kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Síkẹ́ẹ̀tì dúdú kan ló wà níbẹ̀, tí wọ́n fi òwú pupa àti búlúù ṣe òdòdó sí etí rẹ̀, àmọ́ òdòdó náà ò dé ìdajì. Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń rán an fún. "Bá mi parí ẹ̀," ló wí.

Ọ̀rẹ́ mi, ìyá yẹn le! Èmi tí mo ti rán aṣọ ìyàwó fún odidi àdúgbò, ó mú mi tú ewé kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹta. Ìka ló fi ń yẹ ẹ̀yìn aṣọ wò. "Tú u. Ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ mọ́ bí iwájú." Inú á bí mi, màá sì tú u. Mo wá ń tètè dé kí àkókò iṣẹ́ tó tó, ká lè rí àyè rán an.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni máníjà wa já wọlé, ó bá mi pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. "Ṣé iṣẹ́ tá a gbà ẹ́ fún nìyí?" Ìyá náà bẹ̀ ẹ́ títí. Èmi ò lè sọ̀rọ̀, torí ọwọ́ ilé iṣẹ́ wa ni físà mi wà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ arúgbó mìíràn ní Marks Gate, wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ dé ilé ìyá náà mọ́. Mi ò dágbére fún un. Ìgbà òtútù ọdún yẹn náà ló kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ ọmọ rẹ̀ rí nọ́ńbà mi nínú ìwé rẹ̀, ó gbé àpótí náà wá sí yàrá mi ní Alibon. "Ìyá àgbà ní ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí iṣẹ́ dé," ló wí. Oṣù méjì ni mo fi parí ẹ̀. Mo ní kó wá kí n kọ́ ọ. Ó wá lẹ́ẹ̀mejì, abẹ́rẹ́ gún un, ó rẹ́rìn-ín, kò wá láti kọ́ṣẹ́ mọ́. Nígbà tí mo parí, ó wá gbé aṣọ rẹ̀ lọ.

Mi ò lè bínú sí i. Aláàdìrẹ ni ìyá tèmi. Ìyẹ́ adìyẹ tó rì sínú ẹ̀kọ ló fi ń ya àwòrán sára aṣọ kó tó rẹ ẹ́ saró. Ó pè mí títí kí n wá kọ́ ọ, mo ní aró ń ba èékánná jẹ́. Lọ́jọ́ tí ọmọ yẹn gbé aṣọ lọ, mo pe ẹ̀gbọ́n mi nílé, mo bi í bóyá ẹnì kan ṣì mọ àwọn àwòrán tí Màmá ń yà kó tó kú.

"Kò sẹ́ni," ló wí. "A ò jókòó tì wọ́n."

Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe nítorí aṣọ tí ọmọ yẹn gbé lọ. Ìyá Nọ́wè yẹn ṣì rí àjèjì kan gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé lọ́wọ́. Ìyá tèmi bímọ mẹ́rin, kò rí ẹnì kankan.