Ọdún tí Mo Ṣe Àgádágodo

Òórùn ọ̀dà dúdú ló kọ́kọ́ máa ń wá sí mi nímú bí mo bá rántí ọjọ́ náà, ọ̀dà tí kò tíì gbẹ lára páálí fíríìjì. Inú páálí ọ̀hún ni mo wà. Wọ́n gé ihò méjì síwájú kí n lè máa ríran, wọ́n gé òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí apá mi lè jáde, mo wá gbé apá méjèèjì sókè, mo fi ìka kọ́ ìka lókè orí, bí irin orí àgádágodo ṣe máa ń tẹ̀. Àgádágodo ni mí lọ́jọ́ náà. Odindi bàbá ọlọ́mọ, ẹni tí àwọn ará àdúgbò ń kí ní Bọ̀ọ̀dá Oníròyìn, ló ń làágùn nínú páálí.

Ilé iṣẹ́ rédíò kékeré kan lọ́nà Ẹgbẹ́dá ni mo ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ìwé mi ò jìnnà, fọ́ọ̀mù kẹta ni mo ti sọ̀ kalẹ̀, àmọ́ mo mọ ọ̀nà gbogbo abúlé, ohùn mi sì dùn lórí máíkì, ni wọ́n bá ní kí n máa lọ gbọ́ ìròyìn oko wá. Lọ́dọọdún, àwa oníròyìn agbègbè wa a máa kóra jọ ṣe eré olórin kan. Eré yẹ̀yẹ́ ni. Àwọn ẹni ńlá tí à ń dárúkọ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ lórí afẹ́fẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí rẹ̀, ọjọ́ yẹn la máa ń fi orin sọ ohun tí wọ́n ṣe gan-an fún wọn. Àwọn fúnra wọn á sanwó ìjókòó, wọ́n á jókòó síwájú, a ó sì fi owó náà ṣàánú. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, wàrà la fẹ́ fi rà fún àwọn ọmọ ọwọ́ tí ìyá wọn ti kú. Ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lára wọn.

Abúlé kan tí ọkọ̀ kì í dé ni ẹ̀gbọ́n mi yìí ń gbé. Ọnọ́rébù kan kọ́ ilé ìwòsàn síbẹ̀, mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i. Èmi gan-an ni mo gbé ìròyìn rẹ̀ lọ sí rédíò, mo sì yin táìsì tí wọ́n tẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé èmi ni mo tà á fún wọn. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n ní kó máa wà níbẹ̀ ń gbé ìgboro Ìbàdàn, ọjọ́ tó bá wù ú ló ń wá. Ọjọ́ tí kò wá ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rọbí. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn wà lókè. Ọkọ rẹ̀ gbé e débẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó kan ilẹ̀kùn, ó kàn án, ó kàn án, títí àwọn tó wà lóko fi gbọ́. Àgádágodo ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn obìnrin abúlé ló gbẹ̀bí rẹ̀ lórí táìsì tí mo yìn yẹn. Ọmọ wáyé, ó ké. Ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ ni kò dá.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ẹ̀gbọ́n mi pè mí sẹ́yìn ilé. Kò sunkún. Ó ní, "Ìwọ tó o máa ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ṣé o ò lè sọ èyí ni?"

Mo lọ bá ọ̀gá wa ní ilé iṣẹ́. Ó tẹ́tí sí mi dáadáa, ó káàánú mi, lẹ́yìn náà ló dìde lọ ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n gba máíkì lọ́wọ́ wa ni? Ẹ jẹ́ ká fi sínú eré ọdún. Wọn kì í mú èèyàn torí orin."

Ohun tó kù fún mi nìyẹn. Mo fẹ́ kí Ọnọ́rébù yẹn gbọ́ bí wọ́n ṣe kan ilẹ̀kùn náà, kó gbọ́ ọ lójú gbogbo èèyàn, kójú tì í, kó wá ẹni tí yóò máa ṣí ibẹ̀ kí ọkùnrin mìíràn tó gbé ìyàwó rẹ̀ dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn.

Èmi ni mo kọ orin náà. Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ korò bí ewúro. Ọ̀gá wa gbọ́ ọ, ó ní, "Ẹ̀yin Bọ̀ọ̀dá yìí náà! Ṣé ilé ọ̀fọ̀ là ń pe èèyàn wá ni? Ẹ fi ijó sí i. Bí wọn ò bá jó, wọn ò ní gbọ́." Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ, torí ẹ̀rù ti ń bà mí láti ọjọ́ tí mo ti gbé bírò. Mo gbé orin náà sí ohùn eré ọmọdé, ó wá dùn:

Kò, kò, kò, ta ló wà nílé?
Àgádágodo ló wà nílé.
Nọ́ọ̀sì ńkọ́? Ó ti lọ Ìbàdàn.
Dókítà ńkọ́? A ò rí i rí.
Kò, kò, kò, aboyún dé o,
Àgádágodo, gbà á lálejò.

Nígbà tí a ń pín ipa, kíá ni mo ti mú àgádágodo, nítorí òun nìkan ni ojú rẹ̀ kò ní hàn. Lọ́jọ́ eré, mo wọ ṣòkòtò méjì lórí ara wọn, torí mo ti gbọ́ pé sìmẹ́ǹtì àtìmọ́lé máa ń tutù. Ìyàwó mi wò mí títí. "Bàbá wọn, níbo lẹ̀ ń gbé ṣòkòtò méjì lọ nínú ooru yìí?" Mo ní ibi iṣẹ́ ni. "Ó dáa o. Kẹ́ ẹ wá mú ẹ̀kẹta dání fún ọ̀gá yín." Mo fi bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, mo kọ imú rẹ̀ síta, mo sì bẹ ọlọ́kadà kan pé kó dúró sítòsí, kó má pa ẹ́ńjìnnì. Gbogbo súrà tí mo kọ́ ní ilé kéú ni mo kà tán nínú páálí yẹn, àwọn tí mo ti gbàgbé ìdajì wọn náà, mo ka ìdajì tó kù.

Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan ní Alákíà ni, níbi tó jẹ́ pé bí ọkọ̀ òfuurufú bá ń balẹ̀, gbogbo wa á dákẹ́ ná kó tó kọjá. Ọnọ́rébù jókòó síwájú, agbádá rẹ̀ funfun gbòò. Ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, láàárín àwọn ìyá àgbà tó wá gba wàrà, ó pọn ọmọ náà sẹ́yìn. Obìnrin tó ń ka ìròyìn wa di ìrọ̀rí mọ́ ikùn bí aboyún, akẹgbẹ́ wa kan ṣe ọkọ rẹ̀, ó wá ń fi ìkúùkù kan páálí mi láyà. Mò ń dá a lóhùn. Gbogbo gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ sí kíkàn náà.

Èmi ò wo ẹlòmíràn. Inú ihò méjì yẹn ni mo ti ń wo ojú Ọnọ́rébù, mò ń retí kó yí padà. Ó yí padà lóòótọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó ká agbádá lé èjìká, ó jó gun orí pèpéle, ó sì dúró síwájú mi. Ó gbé ìkúùkù sókè, ó kan páálí mi: kò, kò, kò. "Àgádágodo! Ta ló wà nílé?"

Ohun tí mo fi oṣù kan gbáradì láti sọ fún ọkùnrin yìí wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde ni, "Èmi ni, sà."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọnọ́rébù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fa owó yọ, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi, ọ̀dà tí kò gbẹ sì ń gbé e dúró. Wọ́n tún orin náà kọ nítorí rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló wá ń lé e, tí àwọn èèyàn ń gbè é.

Nígbà tí wọ́n pín wàrà, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti gbà á. Nígbà tó kan ẹ̀gbọ́n mi, ó kúnlẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wa. Mo gbọ́ tí ọkùnrin náà ń sọ pé, "Màmá, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ń ya fọ́tò."

Mo bá ẹ̀gbọ́n mi níta lẹ́yìn náà, ọ̀dà ṣì wà lójú mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́." Ó tún ọ̀já ọmọ dì. "Orin yẹn dùn. Ẹsẹ̀ mi ti ń jó o kí n tó rántí ohun tó ń sọ."

Ó gbé wàrà rẹ̀ rù. Ọlọ́kadà mi ṣì dúró, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún. "Bọ̀ọ̀dá," ó ní, "ṣé a ò sá mọ́?"

Nígbà tí ìbò dé, mo wà nídìí iṣẹ́ mi ní ọ́fíìsì nígbà tí ọkọ̀ ìpolongo kan gba iwájú wa kọjá, ẹ̀rọ gbohùngbohùn rọ̀gbà yí i ká. Mo mọ ohùn orin náà kí n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò, kò, kò, ẹ ṣílẹ̀kùn, Ọnọ́rébù wa ló tún dé. Kò pẹ́ tí rédíò tiwa náà fi ń gbé e sáfẹ́fẹ́. Ọnọ́rébù wọlé ìbò. Wọ́n kun ilé ìwòsàn náà lọ́dà tuntun, wọ́n sì pààrọ̀ àgádágodo ibẹ̀ sí èyí tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀.

Ọmọ náà ti ń ká eyín báyìí. Mo lọ kí wọn lọ́jọ́ Iléyá tó kọjá, mo bá a tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ ṣeré níwájú ilé, ẹ gbọ́ orin tí wọ́n ń kọ. Ti ọkọ̀ ìpolongo ni, wọn ò mọ̀ pé òmíràn wà ṣáájú rẹ̀. Ó sáré wá fà mí lọ́wọ́. "Bàbá Alákíà, ẹ bá wa gbè é!" Ẹ̀gbọ́n mi ń bó ẹ̀gúsí lórí àpótí. Kò gbójú sókè. "Gbè é fún un. Ṣebí ìwọ lo kọ ọ́." Mo gbè é. Ọmọ náà wá dúró, ó ní, "Bàbá, nígbà tẹ́ ẹ kọ ọ́, ta ni wọ́n ń kan ilẹ̀kùn yẹn fún?"

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi dúró lórí ẹ̀gúsí. Mo mọ̀ pé èmi ló ń dúró dè. Mo ní, "Bó o bá dàgbà, n ó sọ fún ẹ." Ọwọ́ rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gúsí lọ.

Mo ti fi rédíò sílẹ̀. Adìyẹ ni mò ń sìn lẹ́yìn ilé mi ní Alákíà, mo sì ń gbọ́ ọkọ̀ òfuurufú tó ń kọjá. Ìyàwó mi ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ nítorí àṣà kan tí mo dá: ara mi kì í gbà á kí ẹnikẹ́ni kan ilẹ̀kùn wa lẹ́ẹ̀mejì. Ì báà jẹ́ alágbe, ì báà jẹ́ ọmọ tó wá tọrọ iyọ̀, n ó ti dìde, òkèlè á ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Bàbá wọn, ẹ jókòó jẹun, àwọn ọmọ wà nílé." Òótọ́ ló sọ. Mo sì mọ̀ pé kò sí ilẹ̀kùn tí mo lè ṣí báyìí tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yóò gbà wọlé. Mo ṣáà máa ń dìde.