Ọsàn Tí Ìyá Ọkọ Mi Fi Pamọ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ohun tí ìyá ọkọ mi ṣe fún mi lónìí pa mí lẹ́kún.

Láti ìgbà tí a ti ká ọsàn lóko wa ní Ìlá ni inú ti ń bí mi sí i. Èyí tó so sínú ibòji ló ní ká máa jẹ. Èyí tí oòrùn ń pa lókè igi, ó kó o sínú apẹ̀rẹ̀, ó gbé e sábẹ́ ibùsùn. Mo rò pé ọkọ mi tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè l'Ékòó ló fi pamọ́ fún.

Láàárọ̀ yìí, mo bi gbogbo ẹ̀kọ tí mo mu. Màmá bó ọsàn kan fún mi látinú apẹ̀rẹ̀ náà. Ara rẹ̀ ti hunjọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dùn.

"Màmá, ṣebí ọmọ yín lẹ fi pamọ́ fún?"

"Ìwọ ni, ìyàwó mi. Ti inú ibòji kì í pẹ́ rà. Èyí tó rí oòrùn dáadáa ló lè dúró dìgbà tí oúnjẹ á máa kọ̀ ọ́."

Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo lóyún, ọkọ mi pàápàá kò mọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni Màmá ṣe mọ̀?