Ohun Tó Wà Lábẹ́ Ahéré Nora Heslop

Bí àgbẹ̀ bá kúnlẹ̀ pé kí Ọlọ́run bá òun ṣọ́ oko òun, tí abiyamọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà sì ń wá oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run kan náà, nínú oko kan náà, ta ni Ó máa dá lóhùn? Mo bi olùṣọ́-àgùntàn ìjọ wa ní ìlú Thornlaw. Ó wúkọ́, ó ní kí n jókòó mu tíì. Mo mu tíì náà tán, mo dá ife padà, n kò sì tíì rí ìdáhùn títí di òní. Nora Heslop ló kó mi sínú ìbéèrè yìí.

Opó ni Nora, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ìpín oko rẹ̀ wà lẹ́yìn ojú irin, lára ilẹ̀ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ fún àwọn awakùsà èédú nígbà tí kùsà ṣì wà. Oko àwọn tó yí i ká mọ́ fónífóní. Tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dá èsìsì sí ní kọ̀rọ̀ kan kí labalábá lè yé ẹyin sí i. Ó ri bàsíà àtijọ́ kan mọ́lẹ̀, ó pọn omi sí i, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ sì sọ ọ́ di ilé. Kò da májèlé sí ìgbín rí.

“Ọ̀pọ̀lọ́ ló ń bá mi ṣọ́ ewébẹ̀,” ó máa ń wí, “kì í sì í ní kí n wá san owó iṣẹ́.”

Aládùúgbò rẹ̀ lóko ni Matty Stobbart. Líìkì ni Matty ń gbìn, àlùbọ́sà gbọọrọ tó funfun nísàlẹ̀ yẹn, kì í sì í ṣe èyí tí ènìyàn ń sè o. Ti ìdíje ni. Lọ́dọọdún, nígbà tí ooru bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn ọkùnrin Thornlaw á gbé líìkì tó tóbi bí itan ọmọdé lọ sórí tábìlì, wọ́n á wọ̀n ọ́n, ẹni tó bá gbégbá orókè á máa fi yangàn títí ọdún á fi yípo.

“Nora, ṣé ewébẹ̀ lò ń gbìn ni àbí igbó lò ń sìn?” Matty á ké láti òdìkejì.

“Igbó mi ń bọ́ mi, Matty. Ìwọ ńkọ́, ìgbà wo lo jẹ líìkì tìrẹ gbẹ̀yìn?”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń bá ara wọn ṣẹ̀fẹ̀, kò sì sí ìjà níbẹ̀, àfi ìgbà ìrúwé ọdún yìí.

Òtútù kò tíì kúrò nílẹ̀ dáadáa nígbà tí Nora wọ inú ahéré rẹ̀ láti to irúgbìn pòtétò. Ó gbọ́ ohùn kan lábẹ́ pákó tí ó dúró lé. Ohùn kékeré, bí ìgbà tí ọmọ ọwọ́ ń wá ọmú lójú oorun. Kò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó. Ó rọra jáde, ó sì kó ọkọ́ àti ṣọ́bìrì rẹ̀ síta, ó fi tapólì bò wọ́n, kí ó má baà máa wọlé wọ̀de níbẹ̀ mọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Òfin oko náà kò fara sin fún un: ẹni tó bá fàyè gba ẹranko tó ń ba oko ẹlòmíràn jẹ́, ìpín rẹ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ilẹ̀ yìí ni òun àti ọkọ rẹ̀ jọ ro láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ara wọn níyàwó. Kò ní ibòmíràn tó ń lọ láàárọ̀.

Nígbà tí ẹ̀wà rẹ̀ ti ń yọ òdòdó, Matty gbin líìkì rẹ̀ sójú ebè. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, igbe Matty ló gba oko.

“Wọ́n ti pa mí o! Ta ló ṣe èyí? Les Rutter, ṣé ìwọ ni?”

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn nìyẹn, nítorí pé Les ni wọ́n jọ ń du ipò kìn-ín-ní níbi ìdíje, ní Thornlaw sì rèé, ọ̀tá a máa yọ́ wọlé fi ọ̀bẹ ge líìkì ẹni. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kọ́. Ilẹ̀ ni nǹkan wú, ó tú ebè náà palẹ̀, àwọn líìkì kéékèèké ń sùn káàkiri bí ọmọ ogun tó kú. Ipasẹ̀ ẹranko sì wà nínú ẹrẹ̀, ó kọjú sí igbó Nora.

Nora sáré wá láti bá a ṣa ohun tó ṣe é ṣà. Bó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, òórùn kan gbà á nímú. Orí ẹja yọ ojú láti inú ilẹ̀ tó tú, òmíràn tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó yé e lójú ẹsẹ̀. Ẹja ni Matty rì sábẹ́ líìkì rẹ̀ kí wọ́n lè sanra, òórùn ẹja ló sì pe abiyamọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà wá. Láàárín àwọn ọkùnrin wọ̀nyí, ohun tí ènìyàn fi ń bọ́ líìkì rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ pàápàá kì í béèrè. Bàbá Matty ló fi àṣírí náà lé e lọ́wọ́ kó tó kú.

Nora gbé ẹsẹ̀, ó fi bàtà òjò rẹ̀ ti ilẹ̀ bo orí ẹja náà.

Matty rí i. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlòmíràn ti ń pé jọ, ojú sì ń ti Matty, ló bá tún gbé ohùn sókè: “Igbó obìnrin yìí ni! Mo ti ń wí i láti ọjọ́ yìí!”

Nora sọ fún mi nígbà tó yá pé bí ìgbà tí wọ́n gbá òun létí ló rí.

Ní ọjọ́ Sátidé, Audrey Tweddle, alága ìgbìmọ̀ oko, kó àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ rẹ̀ wá síwájú ahéré Nora. Ọkùnrin kan tẹ̀lé wọn pẹ̀lú ajá kúkúrú méjì, irú èyí tí ń wọ ihò lọ bá ẹran. Gbogbo àwọn agbin-líìkì ló pé síbẹ̀. Èmi náà wà níbẹ̀, nítorí pé mo ní ìpín tèmi ní ìsàlẹ̀, lẹ́bàá ọgbà wáyà. Mo ń gbàdúrà sínú. Kí n má purọ́, n kò mọ ohun tí mò ń tọrọ gan-an.

“Nora, má bínú o,” Audrey wí. “Dandan ni kí n béèrè. Ṣé nǹkan wà lábẹ́ ahéré rẹ?”

Nora kò tíì yọjú wo abẹ́ ibẹ̀ rí. Bí ó bá ní “n kò rí nǹkan kan,” òótọ́ ni. Láti ìgbà tí a ti sin ọkọ rẹ̀ ni kò ti bá wa wá sílé ìsìn mọ́, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀.

“Ó wà,” ó dáhùn. “Ìyá kan àtàwọn ọmọ rẹ̀.”

Àwọn èrò kùn. Àwọn ajá ń fa okùn, wọ́n ń ké wín-ín wín-ín.

“O mọ̀, o sì dákẹ́?” Audrey ní. “Nora! O mọ ohun tí òfin wí.”

“Mo mọ̀ ọ́n.”

“Ṣé o ní nǹkan kan tí o fẹ́ sọ?”

Nora wo Matty. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá yọ ọ́. Ó gbé ojú kúrò, ó fi ọwọ́ di ilẹ̀kùn mú, ó sì jókòó sórí àtẹ̀gùn ahéré náà, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ dí ẹnu ihò tó wọ abẹ́ rẹ̀.

“Rárá. Ṣùgbọ́n orí mi ni ajá yẹn máa gbà kọjá.”

Alájá wo Audrey. Audrey wo ilẹ̀. Ó rọra ní, “Ẹ gbé Nora dìde.”

Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Les Rutter gbé ẹsẹ̀ kan, ó dúró. Matty ti àárín èrò jáde síwájú.

“Ẹja ni,” ó wí.

“Kí lo wí?”

“Ẹ fi í sílẹ̀! Ẹja ni mo rì sínú ebè mi. Èmi ni mo pe ẹran náà wá jẹun. Ó sì mọ̀! Láti ọjọ́ Ajé ló ti mọ̀, kò sọ.”

Ọkùnrin yẹn ti tú àṣírí bàbá rẹ̀ síta níṣojú gbogbo ọ̀tá rẹ̀.

Les Rutter ló kọ́kọ́ rí ohùn. “Ẹja wo?”

“Lọ bi ìyá ẹ!”

Ẹ̀rín bú. Audrey náà rẹ́rìn-ín, ó sì tún fajú ro. Ó ní kí alájá máa lọ. Kí Matty hú ẹja rẹ̀ kúrò. Kí Nora di ìpín rẹ̀ mú, kí àwọn ẹran náà wà lábẹ́ ahéré rẹ̀ títí àwọn ọmọ á fi gbó tó láti lọ fúnra wọn. “Abẹ́ ahéré tìrẹ nìkan o, Nora. Bí mo bá gbọ́ pé wọ́n wà ní ìpín ẹlòmíràn, alájá ń padà bọ̀ nìyẹn.”

Lọ́jọ́ kejì, bí mo ti ti ilé ìsìn dé, mo bá Nora tó jókòó sórí bárò mi, fúláàsì tíì lọ́wọ́, ó rẹ̀ ẹ́ lójú bí ẹni tí kò sùn.

“Jókòó, ọ̀rẹ́ mi,” ó ní. Ó bu tíì fún mi. “Ariwo ajá yẹn ti lé ìyá kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Ó ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ.”

“Níbo?”

Ó fi ìka tọ́ka sí ẹsẹ̀ ahéré tèmi. Ilẹ̀ tútù wà níbẹ̀ tí nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ wú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀wà mi tó ń hù bọ̀. Bí a ti dákẹ́, mo gbọ́ ọ: ohùn kékeré, bí ìgbà tí ọmọ ọwọ́ ń wá ọmú lójú oorun.

Ó di ọwọ́ mi mú.

“Mo mọ̀ pé o kì í purọ́, n kò sì ní bẹ̀ ọ́ kí o purọ́. Ṣùgbọ́n fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n máa bá ọ bomi rin ẹ̀wà rẹ. Ìwọ má wá. Kí Audrey má baà rí ẹni bi. Ṣé o máa ṣe é fún mi?”