Láti Àbújá dé Igangan, lọ́jọ́ tí Màmá lọ

Wákàtí kan péré ni bàálù fi gbé mi láti Àbújá dé Ìbàdàn lónìí.

Láti Ìbàdàn dé Igangan, wákàtí mẹ́rin. Mẹ́rin o!

Ìdájí òní ni Màmá mi jáde láyé. Mùsùlùmí ni wá, a kì í jẹ́ kí òkú sùn sílé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bẹ Àáfà, wọ́n sì dúró dè mí títí di ìrun Alásárì.

A kọjá Èrúwà tán ni táyà ọkọ̀ wa bẹ́ nínú kòtò. Mo bọ́ sórí ọ̀kadà. Nígbà tí mo fi máa wọlé, àwọn tó ti ibi sàréè dé ti ń ṣan ẹsẹ̀.

Inú bí mi. Mo kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi.

"Bọ̀dá mi, látìgbà wo lára Màmá ò ti yá?"

"Látọjọ́ mẹ́rin."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò pè mí?"

Wọn ò wojú mi. "Àwọn fúnra wọn ni ò jẹ́ ká pè ẹ́. Wọ́n ní ká má dà ẹ́ láàmú lẹ́nu iṣẹ́, pé ìtòsí lo wà, wákàtí kan lo máa fi dé."

Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Màmá, lọ́jọ́ tí wọ́n ń sunkún pé Àbújá ti jìnnà jù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́nà jíjìn, kí lẹ sọ fún ìyá tiyín? Ẹ kọ ọ́ síbí kí n kà á.

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n ná.