Bíríkì Tí Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi Ta Nípàá

Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá dé Ọ̀tà, tí yunifásítì tẹ̀ lé e, gbogbo ẹni tó ní ilẹ̀ ló di lánlọ́ọ̀dù. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kò gbẹ́yìn. Ọkọ mi ti kú nígbà náà, ilẹ̀ tó fi sílẹ̀ fún mi ní Itele sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Kẹ́místrì ni mo fi ọjọ́ ayé mi kọ́ àwọn ọmọ iléèwé. Mo mọ irú iná tí wọ́n ń dá kí símẹ́ńtì tó di símẹ́ńtì, mo sì mọ ohun tí èéfín rẹ̀ ń ṣe sí ojú ọjọ́. Nítorí náà, nígbà tí mo fẹ́ kọ́lé, ilẹ̀pa ni mo rà láti Alapoti. Símẹ́ńtì díẹ̀ la pò mọ́ ọn, a fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ ní bíríkì, a kó o sábẹ́ ọ̀rá kó máa le díẹ̀díẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kó mọ̀lẹ́bí wá. Ó fi bàtà ta bíríkì kan nípàá. Ó fọ́, torí kò tíì le.

"Ẹ wò ó! Búrẹ́dì!" Ó kọjú sí mi. "Tíṣà, ṣé tíì lo máa fi jẹ ẹ́ ni? Àbúrò mi kú tán, amọ̀ lo fẹ́ kó sórí ilẹ̀ wa?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó tẹ gbogbo èyí tó kù fọ́ kó tó lọ.

Mo tẹ òmíràn, mo sì kọ́lé mi. Òun kọ́ họ́sítẹ́ẹ̀lì: símẹ́ńtì lókè, símẹ́ńtì nísàlẹ̀, páànù láìsí sílíìnì, fèrèsé tí orí ọmọdé kò lè gbà. Ooru lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde. Ó ku òun nìkan níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun. Wọn kì í gbé fóònù rẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi náà ni, n kò ní gbé e.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ká ẹní, ó gbé ìrọ̀rí, ó wá bá mi.

"Ìyàwó mi, dókítà ní kí n má sùn nínú ooru mọ́. Yàrá iwájú rẹ yẹn tutù. Jẹ́ kí n máa sùn síbẹ̀. Ilé mi á pa mí."

Mo kúnlẹ̀ fún un bó ṣe yẹ ìyàwó ilé.

"Bọ̀dá mi, búrẹ́dì ni. Kó má lọ wó lù yín."

Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tí kò rí ẹ̀rín lójú mi, ó jókòó sílẹ̀ níta, ó fẹ̀yìn ti ògiri náà, ó dijú.

"Ẹ má fẹ̀yìn tì í, bọ̀dá."

Mo dúró tì í títí ó fi gbé ẹní rẹ̀ lọ. Mo sùn dáadáa lọ́sàn-án yẹn.